Àmín Láti Ojú Fèrèsé

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ayé ń bi mí bóyá ó pé èèyàn láti sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, irú èyí tí àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wọ̀ láti fi gbafẹ́ kiri etíkun ayé. Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kí n fọ ilé ìwẹ̀ wọn, kí n sì ká aṣọ ìnura wọn bí ẹyẹ tàbí bí erin, kí wọ́n lè wọlé bá a kí inú wọn dùn bí ọmọdé. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ èbúté kan, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú: ṣé kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ wo odi ìlú àtijọ́ kan tó jìn sétí omi, kí wọ́n sì sáré padà kí ọkọ̀ tó ṣí, àbí kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ sínú ọkọ̀ kí wọ́n máa mu tíì? Wọn a wá bi mí, nítorí wọ́n rò pé mo ti dé gbogbo ibẹ̀ rí. Èmi tí ẹsẹ̀ mi kò kọjá géètì èbúté, èmi a dáhùn bí ẹni tó tẹ ìlú náà dó. Mo ní èyí pé, mo ní tọ̀hún kò pé, wọ́n sì ń gbà mí gbọ́. Ẹjọ́ tí kò kan ni kì í ṣòro dá.

Ìyá òyìnbó kan wà tó ń gbé yàrá tó wà ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mò ń tọ́jú. Opó ni, ó ti dàgbà, ó sì fẹ́ràn mi. Òun ló máa ń sọ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀: ohun tí mo fẹ́ lọ rí yìí, ṣé ó máa dúró dè mí? Ó ní òkè kì í sá lọ, odi ìlú kì í rìn, nítorí náà kí ni wàhálà, èèyàn lè padà wá lọ́dún mìíràn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti sọ ọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n kéde fún wa pé ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí Èkó, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àárọ̀ la máa dé, ìrọ̀lẹ́ la máa ṣí. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní kí n lọ fi ọjọ́ náà najú nílẹ̀ baba mi, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé pé ọkọ̀ kì í dúró de òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá kótópó tí àwa òṣìṣẹ́ ń sùn sí nísàlẹ̀ ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò tí mo ti ń bá gbogbo ayé ṣe láti ọjọ́ yìí.

Ajue ni ìyá mi ń gbé, láàárín oko kòkó àti ẹ̀gẹ́, béèyàn bá ti kúrò ní Ore. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó sí Ore mọ̀ pé ọ̀nà náà kò ṣeé finú tán. Lónìí ó lè gbé ọ dé kí oòrùn tó mú. Lọ́la ọkọ̀ àjàgbé kan a sùn gbalaja sójú ọ̀nà, ó di kí gbogbo yín jọ sùn síbẹ̀. Láti Ore, mo ṣì gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà wọ inú igbó. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ lọ geerege, ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn fi ń jẹun tó fi ń fọwọ́ ni màá rí lò lọ́dọ̀ ìyá mi kí n tó sáré padà. Bí ẹlòmíì bá bi mí, mi ò bá ti sọ fún un pé kò pé, kó jókòó kó mu tíì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe òkè, kì í sì í ṣe odi ìlú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fà á tipẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, ohùn rẹ̀ lórí fóònù sì ti ń di tín-ín-rín. Àdéhùn iṣẹ́ mi kò ní parí títí di ọdún tó ń bọ̀, mo sì ní ẹ̀rù kan lọ́kàn tí mi ò lè sọ jáde. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Mi ò fẹ́ ohun mìíràn. Kí n rí ojú rẹ̀ lóòyẹ̀, kó sì rí tèmi. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá òyìnbó náà, èmi ni mo bi í léèrè lọ́tẹ̀ yìí. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, “Lọ. Ìyẹn ò ní dúró dè ọ́.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ta irin ọkọ̀ ní Ore, tó tún jẹ́ alàgbà ní ilé àdúrà tí ìyá wa ń lọ. Mo ní kó bá mi sọ fún ìyá wa pé mò ń bọ̀, ọjọ́ báyìí, mi ò ní lè pẹ́. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Wọ́n ti gbọ́. Ìwọ ṣáà máa bọ̀.” Ìdákẹ́ yẹn ì bá ti sọ nǹkan fún mi, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo dá lẹ́bi.

Lọ́jọ́ náà, orí mi kọ́kọ́ ṣe bí orí ire. A tètè gúnlẹ̀, mo rí ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Bìní, ọ̀nà sì dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dè mí. Nínú báàgì mi, mo ní aṣọ ìnura funfun kan tó nípọn dáadáa, tí mo rà fún ìyá mi. Mo ti pinnu pé níwájú rẹ̀ ni màá ti ká a bí ẹyẹ, kó lè rí ohun tí ọmọ òun ń fi ọwọ́ ṣe jẹun lókè òkun. Mo ti rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa pàtẹ́wọ́ tó sì máa ní kí n tún un ká. Mo rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà débi pé dẹ́rẹ́bà bi mí bóyá ìyàwó ọ̀nà ni mí.

Ore ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ń na ọ̀yà yíyan sí àwọn èrò lójú fèrèsé ọkọ̀, àwọn ọlọ́kadà ń pariwo orúkọ abúlé, àwọn èrò bọ́ọ̀sì ńlá sì ń wo oúnjẹ lókèèrè, wọ́n ń bi ara wọn bóyá dẹ́rẹ́bà máa fi àwọn sílẹ̀ báwọn bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ló dúró dè mí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: àwọn ìbátan tí mi ò mọ̀ pé mo ní ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ mi, wọ́n ń sọ pé omi òkun ti bá mi lára mu. Mo kí wọn tán kíákíá, mo sì gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí a dé ilé wa ní Ajue, ágádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọwọ̀ wà lára ògiri, wọ́n ti gbá iwájú ilé mọ́ tónítóní, kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ náà.

“Ẹ̀gbọ́n, Ìye dà?” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá wa.

Kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ní, “Wọ́n wà nínú àbò.”

Ẹni tó bá dàgbà sí ilé àdúrà mọ ohun tó ń jẹ́ àbò. Bí Wòlíì bá rí ìran pé ewu ń bọ̀ wá sórí èèyàn, ẹni náà tàbí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ a lọ máa gbé inú ilé àdúrà fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá, nínú yàrá kan, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ààwẹ̀ àti àdúrà, títí ewu náà yóò fi kọjá lọ. Ìyá mi ti wọ àbò fún ẹ̀gbọ́n mi rí nígbà tó ń wá ọmọ. Ó ti wọ̀ ọ́ fún mi kí n tó lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí kẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Wòlíì ti rí ìran kó o tó pè mí. Wọ́n rí omi, wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n rí ìwọ náà bó o ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tó o bá sọ̀ kalẹ̀ gan-an ni ewu ọ̀hún. Ìye ò tiẹ̀ jẹ́ kí Wòlíì sọ̀rọ̀ tán, Ìye ní kí wọ́n wá yàrá fún àwọn.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi lórí fóònù?”

“Ká ní mo sọ fún ọ, ṣé wàá wá?”

“Mi ò ní wá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní, ó sì gbójú sílẹ̀. “Èmi náà fẹ́ rí ọ.”

Inú bí mi. Mo wo ágádágodo náà, mo wo òkè, bí ẹni pé oòrùn máa bá mi dúró díẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀mùtí àti oníjà ni mo ti máa ń gbọ́ tí wọ́n fi ń bá wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìfẹ́ ìyá náà ní tirẹ̀. Obìnrin tí mo kọjá òkun wá wò ti lọ ti ara rẹ̀ mọ́lé kí n lè kọjá òkun padà láyọ̀.

Ilé àdúrà náà kò jìn. Àgbàlá oníyanrìn ni, yàrá kékeré mẹ́ta kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn tó bá wọ àbò. Obìnrin àgbà tó ń tọ́jú wọn, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Àdúrà, ló pàdé wa. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ojú wọn nìkan ni mo fẹ́ rí. Ọkọ̀ tó gbé mi wá máa lọ nírọ̀lẹ́ yìí, kò ní dúró dè mí.”

Ó fà mí dìde. Ojú àánú ló fi wò mí, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe èmi ni mo tì wọ́n mọ́lé. Wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ọjọ́ méje, kò sì tíì pé. Ojú wọn ò gbọdọ̀ kan ojú ẹni tó ti ìta wá, ẹnu wọn ò sì gbọdọ̀ sọ ohun mìíràn àfi àdúrà. Bí wọ́n bá já a, wọ́n gbà pé orí tìẹ ló máa bọ́ sí. Ṣó o fẹ́ kí wọ́n máa gbé ìyẹn sùn?” Ó wá na ọwọ́ sí fèrèsé kékeré kan tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí. “Lọ sọ́hùn-ún. Etí wọn ò sí nínú ẹ̀jẹ́.”

Mo lè já ilẹ̀kùn yẹn. Pátákó lásán ni, mo sì lágbára nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Bí n bá já a, láti ọjọ́ náà lọ, ìgbàkígbà tí fóònù bá dún, yóò máa rò pé wọ́n fẹ́ sọ fún òun pé mo ti kú, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn yóò sì parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé.

Inú yàrá ṣókùnkùn, oòrùn sì ń tàn sára nẹ́ẹ̀tì náà, nítorí náà funfun aṣọ àdúrà rẹ̀ nìkan ni mo rí, kò ní orí, kò ní ọwọ́. Mo ní, “Ìye, èmi ni.”

“Àmín.”

Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà tirẹ̀ ló ń gbà lọ. Mo tún pè é. “Mo ti dé o, Ìye. Ṣé ara yín le?”

“Àmín.”

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀jẹ́ fi sílẹ̀ fún un láti fi dá mi lóhùn nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀, àfi kí n sọ ọ̀rọ̀ mi di àdúrà, èmi tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti dé orí omi, àdúrà orí oúnjẹ pàápàá, mo máa ń gbàgbé rẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó wú yẹn rọlẹ̀. Àmín. Mo ní kí oògùn tí mò ń fi ránṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ lára wọn, kí wọ́n sì máa rántí lò ó. Àmín, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀ nínú ohùn. Mo ní kí Ọlọ́run fún mi ní ọkọ rere. Ti ìyẹn le, ó fò jáde bí ẹni pé ó ti ń dúró sẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi bọ́. Mo ní, “Torí ojú yín ni mo ṣe rin gbogbo ọ̀nà yìí, Ìye. Ẹ wá fi ojú yín pamọ́ fún mi.” Kò sí àdúrà nínú ìyẹn, nítorí náà kò sí ìdáhùn. Mo gbọ́ tó fa imú. Aṣọ funfun náà mì díẹ̀, ó sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ó sì tún padà sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní oòrùn ń yí. Mo yọ aṣọ ìnura náà, mo ká a níbẹ̀ lórí iyanrìn bí ẹyẹ, mo ń kánjú, ọrùn ẹyẹ náà sì wọ́. Mo gbé e fún Ìyá Àdúrà pé kó bá mi gbé e fún wọn. Mo tún padà sí fèrèsé, mo ní, “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ pé báyìí la máa pàdé kẹ́yìn.”

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Mo ti dìde, mo ti wọ bàtà, kí n tó gbọ́ ọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: “Àmín.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rá kan fún mi ní Ore. Púpurú ni, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi fúnra rẹ̀ ti rún, tó sì yan lórí ààrò kó tó wọ àbò, ó mọ wọ́n roboto-roboto bó ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé e lé itan láti Ore dé Èkó, òórùn èéfín rẹ̀ sì kún ọkọ̀. Mo bá ọkọ̀ ojú omi wa. Àkàbà tí wọ́n ń gbà wọlé ló kù kí wọ́n gbé. Géètì ni ọmọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ti tú báàgì mi. Ó ní, “Madam, dem no dey allow food enter.” Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìyá mi ló ṣe é. Ó ní òun náà ní ìyá, ó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá òyìnbó náà ń dúró dè mí lẹ́nu yàrá rẹ̀. Òun kò sọ̀ kalẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà, ó ní Èkó ti le jù fún orúnkún òun. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó bi mí pé, “Ṣé o rí i? Ṣé ó pé ọ?” Inú rẹ̀ ń dùn, bí ẹni pé òun ló rìnrìn àjò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wọlé, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ká aṣọ ìnura rẹ̀ bí erin.

Ojú agbami la wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè. Kò tíì tó àkókò tí àdéhùn mi máa parí. Ọ̀sán ni, ó ní Ìye kàn sọ pé orí ń fọ́ àwọn, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Wọ́n gbé ìyá mi pamọ́ títí mo fi délé, ó sì di pé mo wọ ilé àdúrà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ní kí n jókòó tì í. Kò sí ẹni tó ní kí ojú mi má kan ojú rẹ̀ mọ́. Mo wò ó títí. Ojú tí mo wá wò nìyẹn, wọ́n ti pa á dé. Nígbà tí mo ṣí àpótí rẹ̀ láti mú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún un, mo bá ẹyẹ ọlọ́rùn wíwọ́ náà nínú rẹ̀. Kò tú u. Kò fi nu nǹkan kan.

Wòlíì ṣe ìwàásù. Wọ́n ní ìyá rere lọ̀rọ̀ náà bá wí, ìyá tó fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà ikú ọmọ. Wọ́n ní ṣé a rántí pé ní ọjọ́ kejì tí mo kọjá, ọkọ̀ epo kan jóná lójú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn? Gbogbo ìjọ hó yèè. Mo jókòó, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Kò sí ọjọ́ tí nǹkan kì í jóná lójú ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni èmi tí n óò dìde láti sọ pé àdúrà ìyá mi kò gbà, nígbà tó jẹ́ pé èmi nìyí lóòyẹ̀? Wọ́n wá ní kí a dìde. Wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún fojú rinjú pẹ̀lú ìyá wa lọ́jọ́ àjíǹde, gbogbo ilé sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbọ́n mi tó dúró tì mí fi omijé dáhùn. Mo la ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Ore ni mo ń gbé báyìí. Mi ò padà sórí omi mọ́. Mo ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ń dúró jẹun, àwọn èrò sì máa ń na ọrùn jáde lójú fèrèsé láti bi mí pé, “Ìyá, ṣé a lè sọ̀ kalẹ̀? Ṣé kò ní fi wá sílẹ̀?” Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bi dẹ́rẹ́bà wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti di olórí àwọn alàgbà, a sì ti padà mọ ara wa. Ó máa ń wá mu omi lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án, ó ń jókòó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì lé e. Ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń tẹ̀ lé e lọ sí Ajue. Mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń wọ aṣọ funfun, bí wọ́n bá ń gbàdúrà mo máa ń di ojú mi bí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibi tí gbogbo ìjọ ti máa ń dáhùn, mo máa ń dákẹ́, mo máa ń dúró díẹ̀, mo ń tẹ́tí sí ìhà fèrèsé yẹn.